Igi Tí Akín Ń Pè Ní Àkọ́bí

                                                                                Ojúlé 118, Cedar Hollow Lane,
                                                                                Stockbridge, Georgia,
                                                                                Amẹ́ríkà.
                                                                                Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún, Oṣù Kẹfà, 2025.

Ìyá Olúdáre mi àtàtà,

Ilé ńkọ́? Ọ̀nà ńkọ́? Bàbá Olúdáre ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀, àbí wọ́n ṣì ń fi agídí gbé kẹ́ẹ̀gì omi? Olúdáre fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé wọ́n ti ṣí iléèwé wọn padà? Màmá ńkọ́ ní Ìkìrun? Bá mi kí wọn dáadáa, sọ fún wọn pé àdúrà wọn ń dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹ kú òjò o, ẹ sì kú iṣẹ́ ọsibítù tí kì í tán. Èmi àti Praise wà láàyè, a kò ṣàìsàn, a dúpẹ́.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ sí mi. O pè, mi ò gbé e. O fi ohùn ránṣẹ́, mo gbọ́ ọ látòkè délẹ̀, mi ò fèsì. Má bínú, jọ̀ọ́. Bí mo bá gbé fóònù yẹn, wàá ní, "Tẹ́ní, báwo ni?" Èmi náà á ní, "Ọpẹ́ ni," irọ́ gbuu sì ni. Èmi àti ìwọ kì í purọ́ fún ara wa. Ìyẹn ni mo ṣe ní kí n kúkú jókòó kọ lẹ́tà bíi ti ìgbà tí a wà ní iléèwé nọ́ọ̀sì. Rẹ́rìn-ín tó bá wù ọ́. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń kọ lẹ́tà mọ́.

Láti oṣù kìn-ín-ní tí a ti sin Akín ọkọ mi, mi ò tíì sunkún. O rí mi lórí fóònù lọ́jọ́ ìsìnkú, o sọ fún ọkọ rẹ pé mo gbìyànjú, pé mo lágbára. Agbára wo? Ara mi ló kú, Adéfọlá. Mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, mo ń dáná, mo ń bá Praise gbàdúrà. Oúnjẹ kò dùn, kò sì korò. Àwọn ará ìjọ á dì mọ́ mi, wọ́n á ní, "Sister Tẹ́ní, ẹ kú ìrọ́jú, Ọlọ́run ló ń gbé yín ró," èmi náà á ní àmín. O mọ bó ṣe máa ń rí tí èèyàn bá jókòó lé ẹsẹ̀ rẹ̀ títí tó fi kú tipiri? Wọ́n ń fọwọ́ kàn án, o rí i pé wọ́n ń fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n kò jọ ẹsẹ̀ tìrẹ. Bí mo ṣe wà nìyẹn, títí di àná.

Ọ̀rọ̀ igi ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Má ṣe rò pé orí mi ti dàrú, fara balẹ̀ kà á.

O rántí àwọn igi tí Akín gbìn sẹ́yìnkùlé wa, tó máa ń fi fọ́tò wọn yọ gbogbo yín lẹ́nu lórí WhatsApp. Pear ni wọ́n ń pè é níbí. Kì í ṣe píà tiwa tí a fi ń jẹ búrẹ́dì o. Èyí sún mọ́ ápù, ìdí rẹ̀ fẹ̀, ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó lómi, ó sì dùn. Igi mẹ́jọ ni. Èyí tó kọ́kọ́ gbìn wà lẹ́bàá fèrèsé ilé ìdáná, ọdún tí a ra ilé yìí ló gbìn ín, oyún Praise wà nínú mi nígbà náà. Àkọ́bí ló ń pè é. Kó tó wọ mọ́tò lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, á kọ́kọ́ dé ìdí rẹ̀, á fọwọ́ gbá a pẹ́pẹ́, á ní, "Àkọ́bí, ṣé dáadáa lo jí?" Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bó ṣe ń kí igi, kò kí ìyàwó rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá so, á kó èso sínú apẹ̀rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọdé á sì rọ̀ mọ́ ọn bí ẹni pé òun ni Bàbá Kérésìmesì.

Àrùn kan wà tó máa ń bá irú igi yìí jà. Fire blight lorúkọ rẹ̀. Ewé igi tó bá mú á dúdú bí ohun tí iná jó, síbẹ̀ kò ní já bọ́, á kàn so rọ̀ síbẹ̀. Orí ẹ̀ka á sì tẹ̀ kọdọrọ bí ọwọ́ agbòòrùn. Kòkòrò àìfojúrí ló ń fà á. Ojú òdòdó ló sábà máa ń gbà wọlé, oyin àti òjò ló sì ń gbé e láti igi kan sí òmíràn. Akín mọ gbogbo èyí. Tí òdòdó bá ti ń là nínú oṣù kẹta báyìí, á gbé agolo oògùn kọ́ ẹ̀yìn, á máa fín in sí wọn. O mọ oògùn tó ń fín? Streptomycin! Èyí tí èmi àti ìwọ máa ń gún fún àwọn oníkọ́ ẹ̀gbẹ ní wọ́ọ̀dù, tí wọ́n á máa fi ojú burúkú wò wá. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i lọ́wọ́ rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Kì í sì í fi ajílẹ̀ púpọ̀ sí ìdí wọn, torí ó ní igi tó bá ń yọ ọ̀mùnú rẹpẹtẹ ni àrùn náà fẹ́ràn.

Ọdún yìí, òdòdó là, funfun báláú. Mo dùbúlẹ̀, mo ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Agolo oògùn wà nínú garage níbi tí Akín gbé e sí. Mi ò gbàgbé o. Mo rántí dáadáa, mi ò kàn lè dìde ni. Òjò wá ń rọ̀, ilẹ̀ ń móoru, oyin ń fò kiri. Nígbà tó máa fi di oṣù kẹrin, igi méjì tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́bàá ọgbà aládùúgbò, ti dúdú lórí.

Praise ló pe ọ́fíìsì àwọn àgbẹ̀ ti county, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wa níbí. Ọmọ yẹn ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún, ó sì ga jù mí lọ. Wọ́n rán òyìnbó àgbàlagbà kan wá, Eli lorúkọ rẹ̀, ó dé fìlà akẹtẹ̀ ńlá, ohùn rẹ̀ ń fà bíi ti àwọn ará Georgia. Ó yí igi méjèèjì po, ó mi orí. Ó ní kí n gé àwọn ẹ̀ka tó ní àrùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tó dúdú ni kí n ti gé e. Kí n sọ̀ kalẹ̀ tó ìgbọ̀nwọ́ kan, síbi tí ara igi ṣì dà bí èyí tó dá ṣáṣá, torí àrùn náà máa ń wà níwájú ohun tí ojú ń rí. Kí n wá wo ojú ibi tí mo gé. Tó bá pupa bí irin tó dógùn-ún, kí n tún sọ̀ kalẹ̀. Tó bá funfun, ó mọ́. Kí n rí i pé ewé gbẹ kí n tó fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kí n ri àlùmọ́gàjí bọ omi bleach tó ń pa kòkòrò kí n tó gé òmíràn, àìṣe bẹ́ẹ̀, ọwọ́ mi ni yóò pín àrùn náà kiri.

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni etí mi ń dún. Ohun tí dókítà sọ nípa ẹsẹ̀ Akín gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ìwọ náà mọ bí àtọ̀gbẹ ṣe máa ń ṣe. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan ló kọ́kọ́ dúdú, Akín ní bàtà ló bó òun, wọ́n gé ìka náà. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gé e lọ́rùn ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, òkè orúnkún. Gbogbo ìgbà ni mò ń jókòó sórí àga lóde yàrá iṣẹ́ abẹ, tí mò ń retí kí dókítà jáde wá sọ pé ibi tí àwọn gé e dé, ó mọ́. Kò sọ ọ́ rí. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "A nírètí." Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, èmi náà ti sọ ọ́ fún ìyàwó ẹlòmíràn rí.

Mo ra àlùmọ́gàjí ńlá. Mo ní tí oòrùn bá ràn lọ́jọ́ tí mi ò bá lọ sí shift, màá gé e.

Uncle Oyèkànmí wá. Alàgbà ni wọ́n nínú ìjọ wa, àwọn ni wọ́n gba Akín sílé ní Lawrenceville nígbà tó kọ́kọ́ dé ìlú yìí, wọ́n mú un bí àbúrò. Wọ́n gbọ́ lẹ́nu Praise pé igi ń ṣàìsàn. Àárọ̀ Sátidé ni, mo ti ibi iṣẹ́ òru dé, mo ti sùn. Orin ni mo gbọ́ lójú oorun. Nígbà tí mo yọjú lójú fèrèsé, àwọn ọkùnrin ìjọ wa ló kún ẹ̀yìnkùlé, tí wọ́n ń fi igi wa ṣe ọ̀wẹ̀! Wọn ò sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Ta ló ń tọrọ àyè lọ́wọ́ opó kó tó ràn án lọ́wọ́? Ìwọ náà mọ̀ pé a kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n kàn dìde, wọ́n wọ aṣọ iṣẹ́, wọ́n wá.

Òjò sì rọ̀ ní ìdájí ọjọ́ yẹn. Ewé tutù rinrin. Àdá kan wà tí Uncle gbé wá láti Ṣakí nínú àpótí aṣọ, wọ́n ń fi yangàn, òun ló ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìsàlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn igi tó ń ṣàìsàn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gé ìyẹn tán, wọ́n ní bí àwọn ṣe débẹ̀ náà, kí àwọn kúkú tún gbogbo igi yòókù ṣe kó gún régé, kí Akín lè rí i lọ́run kó rẹ́rìn-ín. Ibi tí mo ti yọjú yẹn ni mo ti rí Uncle lórí àkàbà, lára Àkọ́bí tí kò ní nǹkan kan tó ń ṣe é, tí wọ́n ń fi àdá yẹn rẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń gẹ irun ọmọ tuntun.

Mo ṣí fèrèsé. Mo fẹ́ pariwo. Uncle gbójú sókè, òógùn ti bo ojú wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ìyàwó wa, padà lọ sùn jàre, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe tán."

Mo ní, "Ẹ ṣé, sà."

Mo pa fèrèsé dé. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo se ìrẹsì fún wọn.

Kò pẹ́ rárá. Oṣù karùn-ún kò tíì dé ìdajì tí gbogbo igi náà fi ń dúdú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí orí Àkọ́bí tẹ̀ kọdọrọ, mo ń fọ abọ́ lọ́wọ́, mo rí i, mo sì ń bá abọ́ mi lọ. Eli padà wá. Ó bi mí pé ta ló gé igi wọ̀nyí. Mo ní mọ̀lẹ́bí ni. Kò bá mi wí, ó kàn bọ́ fìlà rẹ̀. Ó ní àrùn ti wọ inú ara igi méje, kí a wú wọn. Àkọ́bí nìkan ni a ṣì lè dán wò, bí kò bá tíì sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí ẹ̀ka ti pín. Ìjọba kì í jẹ́ ká dáná síta lásìkò yìí, nítorí náà ọkọ̀ akẹ́rù ló wá kó igi méje lọ. Mo dúró, mo sọ fún awakọ̀ pé kó rọra.

Uncle ò mọ̀. Wọ́n ti jẹ́rìí lórí pẹpẹ nípa ọ̀wẹ̀ yẹn o! Wọ́n sọ bí àwọn ọkùnrin ṣe fi ìfẹ́ hàn, gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́, àwọn ìyá kan sunkún, èmi náà pàtẹ́wọ́. Ní ọjọ́ ìsinmi kọ̀ọ̀kan wọ́n á ní, "Ìyàwó wa, igi ńkọ́?" Èmi á ní, "Wọ́n wà dáadáa, sà." Kí ni kí n sọ? Ṣé kí n sọ fún àgbàlagbà tó ń fi tìfẹ́tìfẹ́ bi mí léèrè pé ọwọ́ yín ló pa wọ́n? Mo rò ó, mo tún un rò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní ọ̀wẹ̀ kejì ń bọ̀, ní Sátidé tó ṣáájú Ọjọ́ Àwọn Bàbá, ní ìrántí Akín. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Nínú mọ́tò, Praise yíjú sí mi. Ó ní, "Mummy, ẹ ò tell them? Àkọ́bí nìkan ló kù o. Wọ́n máa finish ẹ̀. Daddy máa vex." Yorùbá rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, o mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó yé mi yékéyéké.

Àná ni Sátidé náà. Oòrùn ti ràn fún ọjọ́ mélòó kan, gbogbo nǹkan gbẹ táútáú. Mo po bleach sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo gbé e sídìí Àkọ́bí. Uncle ṣáájú gbogbo èèyàn dé, àdá Ṣakí wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n fi ìwé ìròyìn wé e. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ilé yọ, wọ́n sì dúró. Wọ́n wo ibi tí igi méje wà tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ pupa lásán ló kù, pẹ̀lú àwọn kòtò.

Wọ́n wò ó títí. Wọ́n wo bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n wo orí Àkọ́bí tó dúdú. Wọ́n ní, "Ìyàwó wa, ṣé àwa la fà á?"

Adéfọlá, "Rárá, sà" ti wà lẹ́nu mi. O mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n inú kàn bí mi! Mi ò mọ̀ pé ìbínú ṣì wà nínú mi. Mo ní, "Ẹ̀yin ni, sà." Mo ní ewé tutù lọ́jọ́ yẹn. Mo ní àdá kan náà tí ẹ fi gé èyí tó ń kú lẹ fi gé èyí tó ń bẹ láàyè. Mo ní Eli sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ẹ ò bi mí, kò sẹ́ni tó bi mí! Mo pariwo mọ́ alàgbà, èmi Tẹ́ní. Aládùúgbò wa ṣílẹ̀kùn, ó sì tún pa á dé.

Uncle gbé àdá wọn sílẹ̀. Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé ìdáná. Wọ́n ní, "Mo fẹ́ kí ọwọ́ mi ṣe nǹkan kan fún un ni. Gbogbo ìgbà tó fi wà lọ́sibítù, mo kàn ń dúró lẹ́bàá ibùsùn ni, ọwọ́ mi ò rí nǹkan kan ṣe." Wọ́n fa fóònù yọ, wọ́n sọ fún àwọn yòókù kí wọ́n má wá mọ́. Wọ́n ò ṣàlàyé. Lẹ́yìn náà, wọ́n dìde, wọ́n ká apá aṣọ, wọ́n ní, "Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?"

Mo sọ fún wọn. Èmi ń gé, àwọn ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì tẹ̀lé mi. Tí mo bá gé ẹ̀ka kan, màá ri àlùmọ́gàjí bọ omi. Uncle á gbé ojú ẹ̀ka tí mo gé sí oòrùn, wọ́n á wò ó, wọ́n á ní, "Kò tíì mọ́." Màá tún sọ̀ kalẹ̀. "Kò tíì mọ́, ìyàwó wa." Praise jáde wá, ó ń kó ẹ̀ka sínú àpò. Igi ń kúrú. Ẹ̀ka tó máa ń fọwọ́ kan fèrèsé mi lọ, èyí tí Akín so okùn jangirọ́fà mọ́ fún Praise nígbà tó wà ní kékeré lọ. A dé òkè ibi tí ẹ̀ka ti pín. Apá mi ń ro mí. Mo mọ̀ pé tí ibẹ̀ bá pupa, ó parí.

Mo gé e. Uncle tẹrí ba, wọ́n fi àtàǹpàkò nu ojú rẹ̀. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó gbójú sókè.

Wọ́n ní, "Ó mọ́."

Mo ní kí wọ́n tún un sọ. Wọ́n ní, "Ó mọ́, ìyàwó wa. Ó funfun. Wá wò ó."

Mo jókòó sórí ilẹ̀ pupa yẹn, mo sì sunkún. Mo ké bí ọmọdé. Mo ké nítorí àga òde yàrá iṣẹ́ abẹ yẹn, àti ọmọ ìka ẹsẹ̀, àti orúnkún, àti òdòdó oṣù kẹta. Praise wá jókòó, ó gbé orí lé èjìká mi, òun náà ń sunkún. Uncle Oyèkànmí dúró tì wá pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Wọn ò sọ pé kí n dákẹ́.

Àkọ́bí ò ju kùkùté tó dé àyà mi lọ mọ́, ó ku apá kan tó nà sí ọ̀nà ilé ìdáná. Ó burẹ́wà, màá sòótọ́. Eli ní a ò lè mọ̀ bóyá yóò yè títí di ìgbà tí òdòdó bá là lọ́dún tó ń bọ̀. Mi ò lè sọ fún ọ pé ara mi ti yá. Láàárọ̀ yìí, mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò sì lè jẹun. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ebi ń pa mí. Mo ti gbé agolo oògùn Akín jáde, mo fọ̀ ọ́, ó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Bá mi kí Bàbá Olúdáre, kí wọ́n sinmi agídí. Kí Màmá, kí gbogbo àwọn ẹgbẹ́ wa tó ṣì ń béèrè mi. Praise ní kí n kí Aunty Adéfọlá òun.

Tí lẹ́tà yìí bá dé ọwọ́ rẹ, pè mí. Màá gbé e. Bí mo bá ń sunkún, má ní kí n dákẹ́ o. Jẹ́ kó dé ibi tó máa mọ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ láti iléèwé nọ́ọ̀sì títí dòní,

Tẹ́ní.